Ìyá Tí Mo Dá Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn lọ́dọ̀ mi. Ẹ jókòó. Mi ò fẹ́ kú kí n tó sọ ohun tí mo fi ojú aránṣọ kan rí.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà lásán, àyà rẹ̀ á já. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyá rẹ̀ tó máa ń fi í sílẹ̀ lọ ní kékeré ló kọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí í dúró. Pé bó bá rí ẹnì kan tí kò yẹsẹ̀, ọpọlọ náà lè kọ́ nǹkan mìíràn, bó ti wù kó dàgbà tó. Òótọ́ ni. Èmi ni mo di ẹni náà. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń rí oorun sùn. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ wo ìyá mi. Mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí."

Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò lẹ́nì kankan nílé, mo jowú. "Ó ti yá jù," ni mo wí. "Ohùn wọn á tún jí ẹ̀rù yẹn nínú ọpọlọ ẹ." Irọ́ ni. Ó gbà á, torí èmi ni mo kọ́ ọ láti gbà mí gbọ́.

Kò pẹ́ ni ìyá náà wá fúnra rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. "Dókítà, ara mi ò yá. Mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa. Ẹ sáà jẹ́ kí n rójú ọmọ mi." Ọmọ náà wà nínú yàrá mi, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ máa lọ, Mà. Ọmọ yín ló ní òun ò fẹ́ rí yín." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́! Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó ṣìnà ni.

Ìyá náà kú. Ọmọ sunkún lórí èjìká mi: "Màmá, wọn ò tiẹ̀ wá mi." Mo gbá a mọ́ra, ìkà tí mo jẹ́, mo ń bá a nu omijé.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀yin ọmọ mi, fún ẹni tí ẹ bá nílò ju bó ṣe nílò yín lọ. Aránṣọ náà gan-an ló ń tọ́jú mi báyìí. Ó wà níta, ó ń gbé omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀ kaná. Ẹ bá mi pè é wọlé, kí n tọrọ àforíjì. Ẹ má sì jáde o. Bó bá ku èmi àtòun nìkan, màá tún purọ́.