Ẹ Fárí Ọmọ Náà Lẹ́yìn Mi

Mi ò jókòó, Bàbá Àlàní. Ẹ gbé àga yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi abẹ yẹn sílẹ̀ lórí òkúta tí ẹ fi ń pọ́n ọn, kí ẹ wo ojú mi. Láti Olúpọ̀nnà ni mo ti gun ọ̀kadà wá, mi ò tíì fi omi kan ẹnu láti àárọ̀, ẹ̀yin ni mo sì bá wá. Kì í ṣe Badrudeen ọkọ ọmọ mi, kì í ṣe ìyá rẹ̀, ẹ̀yin onígbàjámọ̀ gan-an ni. Ta ló ní kí ẹ fá orí ọmọ Àsmá'ù kí n tó dé?

Ẹ má kí mi kú ọ̀fọ̀. Ẹ ti kí mi lọ́jọ́ ìsìnkú, ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ orí ọmọ ni mo bá wá.

Ṣebí ọjọ́ kẹrin tí Àsmá'ù ọmọ mi bímọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Bàbá! Lọ́jọ́ kejì tó bímọ, ó ṣì jókòó sórí ibùsùn, ó gbé ọmọ lé itan, ó ń fi àdín pa á lórí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo irun. Ṣé bí orí tèmi náà ṣe kún nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ tiẹ̀ tún kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun ọmọ náà dúdú, ó ki, ó bo iwájú orí títí dé ẹ̀yìn ọrùn. Àdín yẹn ò tíì gbẹ lórí irun náà tán tí a fi sin ẹni tó fi pa á.

Ṣé mo wá ní kí wọ́n má fá a ni? Mùsùlùmí ni mí. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kẹjọ là ń fárí ọmọ, kí á sọ ọ́ lórúkọ, kí á ṣe sàráà. Tèmi ò pọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Badrudeen, èmi ìyá olókùú, mo ní kí wọ́n dákun dúró dè mí, kí n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ mi nígbà tí wọ́n bá ń fá a, kí wọ́n sì bu díẹ̀ fún mi nínú irun náà, ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè dì. Wọ́n ní kò burú, pé aago mẹ́wàá ni. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo dé Ìwó. Ilé ti kún, wọ́n ti ń pín ẹran, wọ́n ti de fìlà òwú mọ́ ọmọ lórí.

Mo ní irun ńkọ́? Aqeelah, àbúrò Badrudeen, ló fà mí wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó ní bí wọ́n ṣe kírun Àsùbáà tán báyìí ni ẹ ti fá a, pé ìyá òun di irun náà sínú ọ̀rá, wọ́n sì ti lọ jù ú sódò. Ó ní wọ́n ní ìyá tó bá kú lórí ìkókó, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú irun ọmọ. Pé bí irun yẹn bá pẹ́ lórí, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìyá á máa wá fọwọ́ pa á, ọmọ á máa sunkún, títí tí á fi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Háà! Àsmá'ù tí kì í lè wo adìyẹ tí wọ́n ń pa, òun ni yóò wá pa ọmọ tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bí?

Mo bi Alfa tó sọ ọ́ lórúkọ. Alfa ní òun ò rí i nínú kéwú kankan, pé àwọn àgbàlagbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó gba ẹran tirẹ̀, ó lọ.

Ẹ ní wọ́n rán sí yín ni? Mo mọ̀, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ta ni olórí yẹn, Bàbá? Ìyá ọmọ ti wà nínú ilẹ̀, èmi ni mo kù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ló wà lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Pé kì í ṣe àjèjì ló ṣe é ló dùn mí jù. Ẹ̀yin lẹ fá orí Àsmá'ù náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé tí a ṣì ń gbé Ìwó níbí. Orí ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ bu omi sí i lórí, ẹ fá a tán, ẹ wá pè mí kí n wò ó. Ibi méjì ni irun rẹ̀ ti yí po ní àtàrí, bí ìkarahun ìgbín méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹ ní olóríkunkun ni yóò jẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Kò sí onídìrí tí kò ráhùn lórí ibẹ̀, irun ibẹ̀ kì í gbọ́ràn sí òòyà lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú, èmi ni mo tú irun rẹ̀, mo dì í sí mẹ́ta bí ẹ̀sìn ṣe ní. Ìka mi kan ibi méjì yẹn. Mi ò gbé e kúrò, àwọn obìnrin tó kù ló bá mi gbé e.

Kí ni mo wá ní tó jẹ́ tirẹ̀ báyìí? Wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà. Ọmọ wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń fún un ní mílíìkì nínú ìgò. Bí mo bá lọ kí i, tòun ti fìlà ni wọ́n á gbé e fún mi. Mo fọwọ́ kan fìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Badrudeen gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í wo àwùjẹ̀ ìkókó, pé àwùjẹ̀ á jìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé ọmọ ọmọ mi láti ọjọ́ tí ẹ ti fá a, mi ò tíì rí orí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Abdulsobur, ẹrú Onísùúrù. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń ní kó ṣe sùúrù.

Aqeelah tún pè mí lánàá. Ó ní irun ti ń hù, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, ẹ̀yin lẹ ó tún wá fá a, torí ìdí irun tí ọwọ́ ìyá kàn ṣì wà nínú awọ orí. Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ẹ má lọ, Bàbá. Ẹ ní ojú ń dùn yín, ẹ ní ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Wálláhi, bí abẹ yẹn bá tún kan orí ọmọ náà, mi ò ní dárí jì yín láyé, mi ò sì ní dárí jì yín ní àlùkìyámọ̀!

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Ibi méjì lórí ọmọ náà? Ẹ̀yin fojú ara yín rí i? Ní àtàrí? Ẹ má fi tù mí nínú o, Bàbá, ẹ búra. Ọ̀tún tóbi ju òsì lọ? Háà. Mi ò sọ ìyẹn fún yín, ẹ ò sì lè rántí rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tìyá rẹ̀ rí. Èmi tí mo ń sunkún irun, irun ló bò ó mọ́ mi lójú ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi gbé e kí ẹ tó fá a.

Ẹ fún mi ní àga yẹn. Màá jókòó báyìí.

Ẹ gbọ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ pọ́n abẹ yín dáadáa kó má ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé, láti Alàmísì ni màá ti wá sùn sí Ìwó níbí. Bí wọ́n bá ń kán yín lójú, ẹ ní abẹ kú, ẹ ní omi ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Orí ẹsẹ̀ mi ni wọn ó gbé ọmọ lé. Bí Ìyá Badrudeen bá ní ojú mi ò gbọdọ̀ wò ó, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fárí lẹ́yìn olórí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá fá a, Bàbá. Ẹ fá a mọ́ tónítóní, kí n fi ìka mi kan ibẹ̀.