Ìgò Mẹ́fà Tí Mo Sè

Ìyá àwọn ọmọ, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìwọ àbúrò rẹ̀, sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ọ̀la kò ní í le, ṣùgbọ́n ojú tó fi sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́jọ, mi ò sì ní í gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ìyá àwọn ọmọ, o kò dé ilé ìwádìí tí èmi àti àbúrò rẹ ti ṣiṣẹ́ rí, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Ewé igi ló ń ṣe ṣúgà, tó ń fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò. Gbòǹgbò kò lè jẹ ẹ́ lódidi. Èròjà kan wà tó ń gé e sí méjì. Ibi tí èròjà náà bá ti lágbára, gbòǹgbò á gùn, igi á sì rí okun dàgbà. Àbúrò rẹ yìí, tí a ń pè ní Akéréfinúṣọgbọ́n, ló tọ́ tòmátì kan tí èròjà yìí pọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀. Bí a ṣe ń dán an wò ni pé a ó lọ gbòǹgbò lórí yìnyín, a ó po omi rẹ̀ mọ́ ṣúgà, a ó wá da oje yẹ́lò kan sí i, a ó gbé e kaná. Ṣúgà tí a ti gé ló ń mú un pọ́n; bó bá pọ́n, èròjà ti ṣiṣẹ́. Tirẹ̀ máa ń pọ́n rokoṣo.

Èmi kò gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi lọ gbòǹgbò níbẹ̀, tèmi ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá kẹ̀yìn sí mi, mo ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Bó bá kojú sí mi, mo ní ojú ayé ló ń ṣe. Ó ra búrẹ́dì fún mi, mo ní kí ló dé. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu tèmi lámujù.

Mo rò pé ṣe ló ń jí ṣúgà tí a ti gé tẹ́lẹ̀ bù sínú ìgò. Ní àárọ̀ tí ọ̀gá àgbà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ọmọ yìí lọ pè é wá. Mo kó ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tí omi gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú wọn, mo rì wọ́n sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo dá wọn padà sórí yìnyín. Èròjà tí a bá ti sè ti kú, kò lè gé nǹkan kan mọ́. Mo ní bó bá tún pọ́n, ọwọ́ ti tẹ olè.

Kò pọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró ní yẹ́lò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ yìí mọ́.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ohun tí o pè mí wá wò nìyí?" Ìwọ àbúrò rẹ̀ yíjú sí mi, o ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé kò pọ́n ni?"

Ó pọ́n. Ojú mi ló ṣe. Mo ní, "Mi ò rántí."

Wọ́n lé ọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni wọ́n ní kí n hú àwọn tòmátì náà. Mo fa ọ̀kan, kò wá. Nígbà tí mo fi ṣọ́bìrì wú u, gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. Mo sunkún níbẹ̀, ojo ni mí, mo sì dáná sun wọ́n. Nírọ̀lẹ́, Ìyá àwọn ọmọ, o bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ ni àbúrò mi ń purọ́?" Mo ní ẹni tó lé e mọ ohun tó rí. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí, ẹ ò bá ara yín sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì.

Ẹ má sunkún, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Kí n tó dáná, mo já èso kan, mo sá irúgbìn rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìgò ìpara abẹ́ ìrọ̀rí mi yìí. Ìwọ àbúrò rẹ̀, gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè hù. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè ṣe é, mi ò ní í bínú.

Àní o ti ń kà wọ́n. Kà wọ́n dáadáa, ọmọ mi. Má gba tèmi gbọ́.