Mo Gun Àtẹ̀gùn Wá Sọ Ọ́

Ẹnjiníà, ẹ yọ nǹkan etí yẹn ná, ẹ gbọ́ mi, ẹ wo ìwé yìí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n gbé e fún mi? Wọ́n ní, "Òṣìṣẹ́ to agolo sódì nítorí àìfiyèsí." Àìfiyèsí. Ọmọ mi ló kà á fún mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè wò mí lójú nígbà tó kà á tán. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń to èròjà sórí pátákó iná nílé iṣẹ́ yìí, ojú mi ni mo fi ń jẹun, èmi wá di aláìfiyèsí.

Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ló mọ̀ pé mi kì í sọ̀rọ̀. Odi ni wọ́n ń pè mí. Ìyàwó mi gan-an ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rín pè mí bẹ́ẹ̀, kó tó di ìyàwó mi, orúkọ náà sì mọ́ mi lórí. Láàárọ̀ yìí ni mo kọjá nídìí omi mímu, tí àwọn tó ń di ẹrù ń sọ pé Odi ti tò ó sódì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn agolo kéékèèké tó ń gba iná pamọ́, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ní, ìlà funfun sì wà lára wọn lápá kan. Bí èèyàn bá gbé e sódì, tí iná wọ inú ẹ̀, á wú, á bẹ́, omi gbígbóná inú ẹ̀ á tú sójú ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èmi ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kódà mi ò parí ẹ̀. Àmì róbótó tó wà lára pátákó ni ìwé tèmi. Ìlà funfun gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àmì, ó parí. Àfikún tẹ́ ẹ so mọ́ ètò kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń ya pátákó ló sì ń fi àmì yẹn síbẹ̀. Odindi ọdún méje, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Àfi bí ẹ ṣe pè wá sí ìpàdé lóṣù tó kọjá, tẹ́ ẹ ní àwọn tó ni ètò náà ti pààrọ̀ ọ̀nà tí àfikún ń gbà bá a sọ̀rọ̀, pé àfikún àtijọ́ ti kú, pé ẹ ti fi ọ̀nà tuntun kọ òmíràn tó yá jù ú lọ. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kí lẹ wí? Pé àwọn tó ni ètò ló jẹ̀bi? Pé ọ̀nà àtijọ́ máa ń yí ẹ̀yìn pátákó padà fúnra ẹ̀, pé tuntun kì í yí i àfi téèyàn bá pàṣẹ fún un? Ó yé mi. Ẹ dojú àtẹ́lẹwọ́ yín dé báyìí. Àtàǹpàkò tó wà lápá ibí, ṣé kò ti bọ́ sápá ọ̀hún? Àfikún yín dúró níwájú pátákó, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ bí ẹni ń wo inú gíláàsì. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí pátákó kò lè ṣe àṣìṣe yẹn láyé. Ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí ló lè ṣe é.

Mo sì rí i. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Pátákó àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi lẹ́yìn ìpàdé yẹn, mo yí i dójú dé, mo rí àmì níbi tí kò tí ì sí rí. Mo gbé irin gbígbóná sílẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn yẹn, tí mi ò gùn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láti ọdún tí mo ti wà níbí, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Ẹnjiníà, àmì ẹ̀yìn yìí wà lódì." Ẹ ò yíjú. Ẹ ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ló fi síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Tẹ̀lé àmì."

Tẹ̀lé àmì. Kì í ṣe "ẹ tẹ̀lé". Èmi tí mo ti ń tọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí ọ. Ó dáa, èmi náà á yọ "ẹ̀yin" kúrò lẹ́nu lónìí. Ìwọ lo ní kí n tẹ̀lé àmì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

Ta ló ń dán pátákó wò nísàlẹ̀? Ìyàwó mi ni. Tábìlì ẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí tèmi. Mo gbọ́ nígbà tó bẹ́. Kò pariwo, ó kàn ní, "Ojú mi." Dókítà ní ojú òsì yẹn ti lọ.

Ọjọ́ kọkànlá nìyí. Ìbéèrè kan ló bi mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ṣé o rí i kó o tó gbé e fún mi?" Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní mo rí i, mo sì lọ sókè lọ sọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ? O sọ̀rọ̀? Ìgbà wo lo sọ̀rọ̀ rí?" Ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò dákẹ́, kò sí ẹlẹ́rìí míì láyé àfi ìwọ.

Má ṣàlàyé. Gba ìwé rẹ, mo ti tẹ̀ka sí i, kí wọ́n lé mi, kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ ni mo ṣe wá. Wọ bàtà rẹ ká jọ lọ sí ọsibítù. Má bẹ̀ ẹ́, má sì dárúkọ kọ̀ǹpútà fún un. Sọ pé mo wá, pé mo sọ ọ́, pé ìwọ ni kò gbọ́. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ni kó o dúró sí. Tó o bá dúró lósì, kò ní rí ọ.