Làkúrègbé Ọmọ Mi àti Táyà Alhájì ní Àjàṣẹ́

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè na orúnkún mi dìde lórí àga láàárọ̀ yìí, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà mí lápá, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Pásítọ̀ ti fi ojú bá mi sọ ọ́ kí n tó dé iwájú níbí pé kí n má ṣe gùn. Bàbá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rí yìí kò gùn tó èyí tí mo jẹ́ níjọ́sí nípa òjòlá tó gbé mi sọdá odò. Òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ẹ mọ Dámilọ́lá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún yẹn. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Ọdún yìí ló ṣe ìdánwò àṣejáde girama. Ohun tí ẹ kò mọ̀, tí mo fi pamọ́ fún gbogbo yín títí kan Pásítọ̀, ni pé làkúrègbé ń ṣe é. Ẹ má wo ara yín lójú. Làkúrègbé ni mo wí, irú èyí tó ń ṣe èmi yìí gan-an. Ẹnu ya èmi náà tí n kò lè pa á dé nígbà tí dókítà sọ ọ́ fún wa ní Ìlọrin. Mo ní, dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò, bóyá tèmi lẹ rí lára ọmọ. Ó ní rárá, ó máa ń ṣe ọmọdé náà, pé oríkèé ìka rẹ̀ ló ń wú, pé bó bá ti kọ̀wé pẹ́, ọwọ́ náà yóò gan. Ó fún un lóògùn. Ó wá ní kí a sọ fún ilé-ìwé, pé àwọn tó ń ṣètò ìdánwò lè fún un láyè ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó lè máa sinmi ọwọ́ láàárín.

Èmi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Nígbà tiwa, bí ọwọ́ rẹ bá gan, pàṣán ni tíṣà fi ń nà án kó lè rọ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ìwé fi tètè túká.

Ọ̀gá ilé-ìwé wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìnsípẹ́kítọ̀ kan ń bọ̀ láti Ìlọrin, Alhájì ni wọ́n ń pè é, pé òun ló ń kó orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá bá a lọ lọ́jọ́ náà, kò sí àfikún àyè fún un, bó ṣe lè yára tó ni kó yára kọ ọ́. Ìwé dókítà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n Alhájì kì í gba ìwé gbọ́ mọ́, nítorí àwọn ènìyàn ti ń rà á. Ẹnu ẹni tó tọ́ ọmọ ló máa ń fẹ́ gbọ́ ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi nìkan ni wọ́n nílò, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé tó bá di ti ẹnu, Ọlọ́run kò ṣahun sí mi.

A dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alhájì jókòó. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé na ọrùn lójú fèrèsé. Alhájì kí mi dáadáa, ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an?"

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Kí ìdílé kan tó fẹ́ ọmọ ẹni, wọn yóò kọ́kọ́ yọ́ wádìí: àrùn wo ló wà nílé yẹn? Bí mo bá sọ ọ́ létí oníbúrẹ́dì yẹn ní Ọ̀mù-Àrán láàárọ̀, wọn yóò ti máa kí mi kú ìrọ́jú ní Òrò kó tó di ọ̀sán. Ta ni yóò wá fẹ́ Dámilọ́lá? Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni ẹnu mi ti ṣáájú mi lọ.

"Ọmọ mi kẹ̀? Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é."

Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀. N kò dákẹ́. Mo ní ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Mo ní iléyá tó kọjá, àgbò aládùúgbò wa já, pé Dámilọ́lá ló sá tẹ̀ lé e, tó gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ bọ̀ wálé. Ọ̀gá ilé-ìwé wúkọ́. Mo rò pé ikọ́ ni, mo bá gbé ohùn sókè kó lè gbọ́ mi. Alhájì pa bírò rẹ̀ dé. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé díẹ̀ ló kù kó mú òun purọ́ lọ́dún tí òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ó dé fìlà, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Dámilọ́lá kò sunkún. Ìbá sunkún, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi kọ ọ́?"

Òógùn bò mí bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni tèmi mú ọ̀ràn bá. Àdúrà tí mo gbà níbẹ̀ kò gùn. Mo ní, Olúwa, bá mi dá ọkùnrin yẹn dúró, ọ̀nà yòówù kó gbà. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, a gun ọ̀kadà, mo ní kó máa sáré lọ sí ọ̀nà Ìlọrin.

A sáré, ẹ̀yin ará. Nígbà tí a kọjá ní Òrò, atẹ́gùn ṣí fìlà lórí mi, fìlà náà sì dé Àjàṣẹ́-Ìpo ṣáájú wa. Mo rí Dámilọ́lá tó ń mi orí sí mi lọ́hùn-ún yẹn. Ó dáa, inú àpò mi ni fìlà wà. Ṣùgbọ́n a sáré.

Bí a ṣe ń wọ Àjàṣẹ́, kí ni mo rí? Mọ́tò Alhájì ló dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ọ̀kadà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bẹ́. Ó tún ti ń mi orí. Ẹ gbà pé ẹyọ kan ni. Ẹyọ kan náà tó Ọlọ́run lò.

Alhájì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè.

"Bàbá alágbò, kí lẹ tún gbé dé?"

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi. Mo ní ẹnu mi ló ṣì sọ, pé ara ọmọ náà kò le. Ó ní láàárọ̀ ara rẹ̀ le, lọ́sàn-án kò le, tó bá di alẹ́ ńkọ́? Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó fún Dámilọ́lá ní bírò, ó fi ìwé ìròyìn lé e lọ́wọ́, ó ní kó da ohun tó wà níbẹ̀ kọ.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo tọ́ ọmọ yìí, n kò jókòó wò ó rí níbi tó ti ń kọ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ìwé náà dára bí ti àwọn tíṣà. Nígbà tó yá, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, ó ń wọ́. Bírò bọ́ nílẹ̀. Ó mú un, ó di í ní ẹ̀kúnwọ́ bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ òsì na àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí èmi náà ṣe máa ń na tèmi láàárọ̀ ọyẹ́ gan-an nìyẹn.

Alhájì ká ìwé náà sínú àpò. Ó ní, "Bàbá, ó ti tó mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Ẹnu yín lẹ fi bà á jẹ́."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọn alátáyà dúró, àwọn awakọ̀ dúró, obìnrin kan ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èwo nínú wọn ni kò ní àna ní Ọ̀mù-Àrán? Mo dijú.

"Làkúrègbé ń ṣe ọmọ ọmọ mi."

Mo ń retí kí ilẹ̀ là. Obìnrin alágbàdo yí àgbàdo rẹ̀ padà lórí iná. Ó ní, "Ìyẹn náà lẹ wá ń làágùn sí báyìí, Bàbá? Ó ń ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú-Ìsin. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ." Ó sì bi mí bóyá màá ra àgbàdo.

Mo ra àgbàdo.

Alhájì mú orúkọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbà. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, mo dúró lẹ́nu géètì. Aago lù, gbogbo ọmọ tú jáde, n kò rí Dámilọ́lá. Mo rò pé wọ́n ti mú un, pé ọ̀rọ̀ àgbò ti tún yọjú. Mo ti ń ti géètì wọlé kí ọ̀gá ilé-ìwé tó dá mi dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Àyè tí ẹ tọrọ fún un ló ń lò." Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ki ọwọ́ bọ abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó parí gbogbo rẹ̀. Èsì ti jáde báyìí, ẹ̀yin ará: ó yege, títí kan ìṣirò.

Ẹ má tíì ṣe àmín ìwòsàn fún mi o. Làkúrègbé náà ṣì wà lára rẹ̀, bó ṣe wà lára mi. Ẹ máa bá wa gbà á ládùúrà. Èyí tí mo wá dúpẹ́ lé lórí ni pé kò dí i lọ́wọ́, tí ẹnu mi náà kò sì ráyè dí i lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìdílé tó bá fẹ́ wádìí wa, kó má wulẹ̀ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Mo ti sọ ọ́ níwájú pẹpẹ. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ Dámilọ́lá, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán, nítorí òun ni yóò máa gún un. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó mọ táyà tó yẹ kó jò.