Ìrìn Tí Ìyàwó Mi Rìn Ni Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìjọ wa ní Ìsọlọ̀ fẹ́ fi mí jẹ òpìtàn ìjọ, nítorí ìwé kan tí mo kọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Irọ́ wà nínú ìwé náà. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, ó sì ti kú.

Mo ti bímọ kí n tó lọ sílé ìwé àgbà ní Okota. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti sọ ìtàn àlùfáà ilẹ̀ Wales kan fún wa, ẹni ayé àtijọ́. Ó gun ẹṣin la ìlú rẹ̀ já, ó ń wàásù, ó sì ń kọ ìtàn àti ìrísí gbogbo ibi tó dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ dà bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo rí rí? Abúlé wa ní Èkìtì, àti ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀.

Ìyàwó mi ló rìn. Ajíhìnrere ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló ń bá a gbé àpò lọ sáwọn abúlé orí omi ní Ìlàjẹ. Tó bá ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́, á máa ròyìn fún mi: ilé orí òpó, ọmọdé tó mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, adìyẹ ìkórè tó bẹ́ sómi, tí bàbá rẹ̀ bẹ́ tẹ̀lé e tòun ti aṣọ ìwàásù. A óò rẹ́rìn-ín títí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo rí i nígbà èwe mi. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé èmi ni mo bẹ́ lé adìyẹ. N kò dárúkọ ìyàwó mi níbì kankan.

Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó tì mí, ó ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tá a délé, ó wò mí.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Dúpẹ́. Ṣé aṣọ yín ti gbẹ?"

Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n kò tún sọ ìtàn orí omi mọ́, kódà fún Dúpẹ́, ọmọ wa. Tó bá ń ṣa ẹ̀wà, á dákẹ́.

Nígbà àìsàn rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún sọ ọ́ fún mi.

Ó ní, "Ẹ ti kọ ọ́. Ẹ kà á fún mi."

Mo mú ìwé. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ "mo rí i", mo dá kíkà dúró. Ó ní kí n máa kà á lọ. Mo sì kà á tán bí mo ṣe kọ ọ́. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi yí i padà, kódà fún òun nìkan.

Lánàá, Dúpẹ́ ń ka ìwé náà fún ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀ mi. Ọmọ náà béèrè bóyá Màmá àgbà náà dé orí omi.

Dúpẹ́ ní, "Màmá? Màmá ò lọ ibì kankan. Bàbá àgbà ló rìn."

Mo wà níbẹ̀. Mo tún dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Dúpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú? Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ èyí síbi, kó má bàa jẹ́ pé mi ò kọ ọ́ rí: Fọlákẹ́ lorúkọ ìyàwó mi. Bàbá rẹ̀ ló bẹ́ sómi. Òun ló rí i.