Ọ̀pá Tó Gbẹ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti bá mi lórí ibùsùn. Ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ibi tí wọ́n ti ń fi òtútù tọ́jú òkú ni mo ti ṣiṣẹ́, ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Yìnyín. Àwọn tó gbà pé ìmọ̀ ìṣègùn yóò jí wọn lọ́jọ́ iwájú là ń gbé sínú àgbá ńlá tó kún fún omi kan tó tutù ju yìnyín lọ. Obìnrin aránṣọ kan gbé ọkọ rẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń wá kan àgbá náà kó-kó-kó: "Baálé mi, ṣé òtútù ò mú yín jù?" A ó bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà wa kì í tàn án. "Màmá, ọlẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, a máa ń mú un kúrò nínú òtútù, á sì di ọmọ. Odidi ènìyàn, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é. Àmọ́ bí ọkọ yín ò bá yọ́ rárá, a ṣì lè máa retí. Bí wọ́n bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ẹ wo tòmátì tó ti dì nínú fìríjì, ṣé ó tún ń le bó bá yọ́?"

Iṣẹ́ mi kò ju kí n ti ọ̀pá igi bọ àgbá láràárọ̀, kí n wo ibi tí yìnyín funfun dé lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi náà kún dé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀lẹ paraku ni mí! Nígbà ìsinmi kan, mo kọ ti ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ ṣáájú, mo gba odò lọ, mo lọ pẹja. Mo dé, mo ti ọ̀pá bọ àgbá ọkọ aránṣọ yẹn, gbígbẹ ló jáde. Àgbá ti jò. Mo ṣí i, mo fọwọ́ kan apá ọkùnrin náà: ó rọ̀ bí òwú. Mo dí ibi tó ń jò, mo rọ omi tó tutù ju yìnyín yẹn kún un, òkú tún dì gbagidi. Dókítà ka ìwé mi, ó ní mo káre.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Káfíńtà kan fẹ́ fi obìnrin yìí ṣaya. Obìnrin náà wá bá mi: "Bàbá Yìnyín, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọkọ mi jù. Ṣé kí n ṣì máa dúró?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu mi yìí ló sọ pé, "Dúró dè é, ọmọ mi. Digbí ló wà." Ó sì dúró, ọdún mọ́kànlá gbáko.

Lánàá ni mo ránṣẹ́ pè é, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe mí níkà." Ó sunkún, ó nu ojú. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀. "Ẹsẹ̀ ti ń ro mí nídìí àgbá yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ sin ọkọ mi." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà: "Káfíńtà yẹn ò kúkú tíì láya. Òun ni màá ní kó kan pósí." Ẹ̀rín pa èmi àti òun.

Ara mi fúyẹ́ láti àná. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀pá bá gbẹ, ẹ sọ pé ó gbẹ.