Ilẹ̀ Yàrá Bàbá Délé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Agogo ìjọ wa ní Ìfọ̀ ti sọnù, Bàbá Ìjọ sì ti ní kí n gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí n sọ ẹni tó gbé e. Wọ́n gbà pé mo máa ń ríran. N kò ríran rí.

Káfíńtà ni mí. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Ìwé Mímọ́ débi pé rúlà iṣẹ́ mi ni mo fi ń kà á. Mo mọ̀ pé ìgbọ̀nwọ́ kan tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Bí mo bá kà nípa àpótí, màá fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n lè rí bó ṣe tóbi tó.

Ní ọdún tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní kí n wàásù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdì aṣọ funfun tí a fẹ́ fi rán ẹ̀wù akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù nígbà náà. Mo bá mú ìtàn ọmọ ogun àtijọ́ kan tó jí aṣọ iyebíye, tó sì rì í mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí àgọ́ náà kedere, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò rí àgọ́ rí. Yàrá kan tí mo mọ̀ dáadáa ni mo fi ṣe àpèjúwe: ibùsùn onígi ìrókò, fèrèsé kékeré tó kọjú sí ojú irin, àti igun kan lẹ́sẹ̀ ibùsùn tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, tó pupa ju ìyókù lọ.

Yàrá Bàbá Délé ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ ìjọ wa. Èmi ni mo kan ibùsùn náà. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, mo rí i pé ikán ti gba ilẹ̀ ibẹ̀. Mo gbẹ́ igun náà títí mo fi rí ìyá ikán, mo sì fi amọ̀ tuntun dí i.

Mo kọ́ ìwàásù náà sórí. Mo gun orí àga ìwàásù. Mo pa ojú dé kí n má baà gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá pa ojú dé tó ń sọ ohun tó ń rí, Ẹ̀mí ló ń lò ó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo lajú, gbogbo wọn ń wo Bàbá Délé, nítorí wọ́n ti dá yàrá rẹ̀ mọ̀.

Wọ́n lọ gbẹ́ igun náà, wọn kò bá nǹkan kan.

"Ó ti kó o lọ síbòmíì," ni ìyá kan wí. "Ẹ ò rí i bí amọ̀ yẹn ṣe rọ̀?"

Bàbá Délé rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi. "Ẹ bi káfíńtà yín. Òun ló gbẹ́ ibẹ̀, ikán ló ń wá. Mo tiẹ̀ ní kó má dá ìyá ikán náà jẹ."

Bàbá Ìjọ yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní wòlíì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á ní mo fi orúkọ Ọlọ́run purọ́. Mo ní, "Rárá, sà. N kò gbẹ́ ilẹ̀ kankan."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Délé. Wọ́n lé e kúrò nínú ìjọ. Ojú tì í débi pé ó fi Ìfọ̀ sílẹ̀, ó lọ ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ìbàfò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a níbẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ó tó bàbá mi, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí n tó lanu, ó ní, "Wòlíì, mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Mo ti gbà pé èmi ni mo jí i. Ó ní láti jẹ́ pé àlá ni mo lá pé ẹ gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí mo kó aṣọ náà sí. Mo ti wá a títí, n kò rí i."

Mo yí padà, mo sì wá sílé láìjẹ́wọ́.

Màá sọ òtítọ́ fún ìjọ, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ti fẹ́. Bàbá yẹn ni mo ń bẹ̀ yín nítorí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kò jí nǹkan kan, tí yóò sì gbà mí gbọ́?